Igi Ọmọ Iṣẹ́ Tó Padà Wọlé Wa ní Múṣín

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Rọ̀nkẹ́ ọmọ mi wá kí mi láti Yábàá. Ó jẹun tán, ó yin ọbẹ̀ mi títí ó fẹ́ẹ̀ sú mi, ó wá fa àga sún mọ́ mi nínú ilé ìdáná mi ní Sùúrùlérè, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan ọ̀kan níbí. Ọ̀bẹ ilé mi ti kú pátápátá, mo fẹ́ ra nǹkan tí mo lè fi máa pọ́n ọn." Mo ní ṣé òkúta ti tán láyé ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún mọ òkúta lò báyìí, Mọ́mì? Àwọn eléyìí ló máa ń di ọ̀bẹ mú fúnra wọn, ọwọ́ èèyàn ò ní lè ṣì í." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn mí. Ọ̀kan dà bí àpótí kékeré, ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn máa fi ọ̀bẹ sí tí á sì fà á. Òmíràn fi mágínẹ́ẹ̀tì gbé ọ̀bẹ nàró, nǹkan róbótó kan sì ń yí gbirigbiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, mo sún mọ́ fóònù náà. Irin kan há ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, irin gbọọrọ kan na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, òkúta wà lára irin gbọọrọ náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Rọ̀nkẹ́ rò pé mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo ti rí i o. Mo rí i kí wọ́n tó bí i, lọ́jọ́ tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì wé e wọ ilé wa ní Múṣín, lọ́dún tí ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún tèmi kúrò lórí tábìlì, mo kì í bọ abẹ́ ìró mi. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ọwọ́ yẹn náà ti ń ṣe ohun tí mi ò rán an, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ilé gígùn kan báyìí ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo la gbogbo wọn láàárín. Tí ẹnì kan bá húkọ́ ní ìpẹ̀kun kan, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á ní pẹ̀lẹ́ o. Ìrun àárọ̀ ló máa ń jí wa. Bí wọ́n bá sì ti pe ìrun tán ni Ìyá Ìjẹ̀ṣà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa á gba orin ìjọ sẹ́nu, á kọ ọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba Jésù lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Ojúwòyè, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, àwa sì ń lọ mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun tí ebi bá pa wá. Lẹ́yìn orin rẹ̀ ni ariwo korobá á bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ aláta á tẹ̀ lé e, òórùn àkàrà á wọlé láti ojú títì. Gbogbo ariwo wọ̀nyẹn ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé mi lójú oorun lọ sí òkè òkun tí mo sì gbọ́, tí màá mọ̀ pé ilé ni mo wà, ohùn òkúta bàbá mi ni lọ́jọ́ Sátidé. Ṣìì, ṣìì, ṣìì, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Káfíńtà ni Bàbá. Apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó, iwájú ilé wa náà sì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Nítorí pé abẹ ìfági gbọ́dọ̀ mú kí igi tó lè dán, kò sí ẹni tó mọ irin pọ́n tó wọn ní àdúgbò wa. Láìpẹ́, ó di àṣà pé ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé á kó ọ̀bẹ wọn jọ síwájú wọn. Oníkálukú so òwú mọ́ èèkù ọ̀bẹ tirẹ̀ kó má bàa sọnù: ti Ìyá Ìjẹ̀ṣà jẹ́ òwú pupa, tiwa jẹ́ dúdú. Bàbá kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á bu omi sórí òkúta látinú kẹ́tùlù àlùwàlá, wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á sì kọjú sí títì, wọn kì í wo ọ̀bẹ rárá. Mo bi wọ́n léèrè rí pé ṣé wọn ò ní gé ara wọn. Wọ́n ní, "Etí ni mo fi ń pọ́n ọn, Sìkírá. Gbọ́. Ó ṣì ń hanrun. Tó bá jí, ìwọ náà á mọ̀." Ká sì tó wí ká tó fọ̀, ohùn òkúta á yí padà, á di tẹ́ẹ́rẹ́, Bàbá á gbé ọ̀bẹ sókè, wọ́n á fi fá irun díẹ̀ ní apá òsì wọn. Tí irun bá bọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ dànù, wọ́n á ní, "Ó ti jí." Nítorí ìyẹn, ibì kan wà ní apá òsì bàbá mi tí irun kì í sí. Kékeré ni mo ti mọ ibẹ̀. Mo máa ń fi ìka ra á tí mo bá fẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa igi ọmọ iṣẹ́, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, pátákó kan wà tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, orí pátákó yẹn ni á kọ́kọ́ gbé abẹ ìfági lé kó tó lè fi kan òkúta, kí igi lè bá a di abẹ náà sí ibi tó yẹ, torí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó ń lọ. Á wà lórí igi bẹ́ẹ̀ títí. Lọ́jọ́ kan, láìsọ tẹ́lẹ̀, Bàbá á yọ pátákó náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó tó. Máa lọ." Ọjọ́ ńlá ni. Wọ́n á ra àkàrà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì máa kí ọmọ náà pé o kú oríire, o ti kúrò lórí igi. Tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá sì ń bú ara wọn, èébú tó le jù lọ ni kí ẹnì kan sọ pé, "Wo ẹni tó ṣì wà lórí igi!" Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n yọ Bùọ̀dá Ràṣídì kúrò lórí igi. Òun ni Bàbá fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ó fò sókè tó fi orí kan páànù ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó gba ìdáǹdè, ó fi igi sílẹ̀, ó lọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, ó ní irin ló wu òun. Bàbá ò bínú sí i, àmọ́ wọn ò yé fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ohùn òkúta ló kọ́kọ́ yí padà. Kò tiẹ̀ sí ẹni tó rí ọwọ́ Bàbá nígbà yẹn. Dípò ṣìì tó gùn tó sì tẹ́jú, mo ń gbọ́ ṣì-ṣì-ṣì, ó ń já, ó ń so, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òtútù lára. Lẹ́yìn náà ni tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀, Màmá wa á sì yára nù ún kí àwa ọmọ tó wò ó. Wọ́n á ní, "Kọ́ọ̀bù yìí ti kún jù ni." Láti ọjọ́ yẹn, ìlàjì kọ́ọ̀bù ni wọ́n ń bù fún Bàbá. Àmọ́ mo rí ohun tí Màmá ò lè nù. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá ń ṣe àlùwàlá, tí wọ́n ká apá aṣọ sókè, mo rí i pé irun ti ń hù ní ibi dídán yẹn. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí dáadáa, mo kàn mọ̀ pé ó dà bí ìgbà tí koríko bá hù lẹ́nu ọ̀nà ilé tẹ́nikẹ́ni ò gbé mọ́.

Ọ̀bẹ kò jí mọ́. Ẹnu ọ̀bẹ tó bá kúrò lọ́dọ̀ Bàbá á rí wọ́gọwọ̀gọ. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ó fi ìka kan án, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí, ó sì yára rẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá Sìkírá, ẹ ṣeun o! Eléyìí mà mú o! Ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín ò ní rọ o." Ó wọlé lọ, ó gbìyànjú láti gé iṣu, iṣu kọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ọ̀bẹ tuntun nílé ìdáná rẹ̀, lẹ́yìn garawa gaàrí. Nígbà tó rí i pé mo rí i, ó fi ìka lé ètè. "Má sọ fún bàbá rẹ o, ọmọ dáadáa. A ò fẹ́ kí inú wọn bàjẹ́." Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí, ọ̀wọ̀ ló kó gbogbo wọn síbẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan wá ní ọ̀bẹ méjì: ọ̀bẹ Bàbá, tó ní òwú lára, tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ ní Sátidé, tí kò gé nǹkan kan, àti ọ̀bẹ ìdáná, tí wọ́n ń fi pamọ́. Màmá wa náà ní tiwọn, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Sátidé á dé, wọ́n á kó ọ̀bẹ jọ, Bàbá á pọ́n ọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, torí ó ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, òógùn á bo ojú wọn. Gbogbo ilé á wá gbà á, wọ́n á máa kí wọn, á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń kí ọba. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì máa ń ronú sí i. Ìfẹ́ ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Àmọ́ ìfẹ́ náà fi bàbá mi sílẹ̀ ní òun nìkan lórí àpótí yẹn.

Ohun tí a ò lè fi ọ̀bẹ méjì bò mọ́lẹ̀ wá ń bọ̀: Iléyá. Ọdọọdún, ẹ̀yìnkùlé wa ni gbogbo Mùsùlùmí ilé náà ń so àgbò wọn mọ́, Bàbá ló sì ń dú wọn. Ọ̀bẹ Iléyá kan ṣoṣo ló wà, ó gùn, Bàbá fúnra wọn ló ń pọ́n ọn, àwọn náà ló ń dì í mú. Kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí Màmá ń bá Bùọ̀dá Ràṣídì sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ tó wá kí wa. Ohùn wọn ò ga. "Ràṣídì, ẹran tí a fẹ́ fi sin Ọlọ́run nìyẹn. Tí ọ̀bẹ ò bá mú, a dá ẹran lóró, a dá bàbá rẹ náà lóró, lójú gbogbo èèyàn. Ta ló máa sọ fún wọn? Èmi ò lè sọ ọ́. Wọ́n á kú mọ́ mi lọ́wọ́." Bùọ̀dá Ràṣídì ń fi bàtà rẹ̀ ha ilẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Màmá."

Ọ̀sán kan ló padà wá, ó gbé nǹkan tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì wé há abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní, "Ọmọ Ládìpọ̀! O rántí ilé lónìí?" Ó dìde, ó tú àpò náà. Inú rẹ̀ ni ohun tí Rọ̀nkẹ́ fi hàn mí nínú fóònù wà, àfi pé tiwa ò dán tó bẹ́ẹ̀. Ó ti gba irin tí wọ́n fi ń de bátìrì mọ́tò mọ́lẹ̀, ó fi ṣe ohun tó ń há ọ̀bẹ. Ó gba irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró, ó fi ṣe ọ̀nà tí òkúta á máa gbà lọ gbà bọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ṣe nǹkan kan ni. Mo fẹ́ máa tà á fún àwọn alápatà. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ bá mi dán an wò, kí n tó gbé e síta." Bàbá gbà á. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ti òkúta náà lórí irin, ó lọ geere. "Ó dáa," wọ́n ní. "Ọwọ́ ẹ ò tíì bà jẹ́." Ojú Bùọ̀dá Ràṣídì fẹ́ẹ̀ tàn. Bàbá wá ní, "Alápatà wo?" Wọ́n tún yí irin náà wò. "Alápatà tó ń fi ọ̀bẹ gbo ọ̀bẹ lórí ìdúró, tó sì ń dá oníbàárà lóhùn, òun lo fẹ́ ta eléyìí fún?" Mo rí Màmá lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n ti fi etí gèlè bo ẹnu. Bàbá gbé irin náà sílẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́, jẹ́jẹ́. "Ràṣídì, igi lo gbé wá fún mi."

Bùọ̀dá Ràṣídì tún dọ̀bálẹ̀. Géńdé ọkùnrin, tó ti láya, tó ti bímọ, ó na gbalaja sínú èérún igi. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Bàbá ní, "Mi ò bínú. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò lórí igi. Ìwọ ló wá gbé mi padà sí i." Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá rọrùn fún gbogbo wa. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ jẹun, Màmá ti se ẹ̀wà. Kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n gbé irin náà sábẹ́ tábìlì, wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó, wọ́n sì padà sórí òkúta wọn. Láti ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ Iléyá, tí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán. Ṣì-ṣì-ṣì. Gbogbo ilé ń gbọ́ ọ, gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá Ìjẹ̀ṣà tiẹ̀ ti ń kọrin ní ọ̀sán báyìí, kó má bàa gbọ́. Èmi náà á máa wo apá Bàbá lójoojúmọ́. Irun ibẹ̀ ti gùn.

Àwọn àgbò dé, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ké, wọ́n ń jẹ èèpo iṣu wa. Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò gbọ́ ohùn òkúta. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Bàbá lórí ìjókòó, gbogbo ọ̀bẹ olówùú tí wọ́n kó wá wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Sìkírá." Mo ní, "Sà." "Lọ bá Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Ní kí wọ́n fún ẹ ní ọ̀bẹ wọn." Mo tọ́ka sí olówùú pupa. "Òun nìyí, Bàbá. Wọ́n ti gbé e wá." Wọ́n mi orí. "Èyí kọ́. Èyí tí wọ́n fi ń gé iṣu ni mo wí." Mo lọ. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí mo jíṣẹ́, orógùn dúró sínú ìkòkò. "Mo gbé o! Ta ló sọ fún wọn? Sìkírá, ìwọ ni?" Mo ní èmi kọ́. Ó yọ ọ̀bẹ lẹ́yìn garawa gaàrí, ó fi etí ìró bò ó bí ohun tí èèyàn jí, ó jáde, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. "Bàbá Sìkírá, ẹ forí jì mí. Ká má bà yín nínú jẹ́ la ṣe ṣe é. Ọlọ́run rí ọkàn mi."

"Ẹ dìde, Ìyá Ìjẹ̀ṣà," Bàbá ní. Wọ́n na apá òsì wọn sí i. "Ẹ wo irun apá mi. Ọ̀bẹ tí mo pọ́n lọ́dún yìí, kò sí èyí tó lè gé e. Ẹ̀yin sì ń gé iṣu, ẹ̀ ń gé ẹran, ẹ̀ ń jẹun lójoojúmọ́. Ṣé eyín lẹ fi ń gé e ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Bàbá wò yípo, torí àwọn ará ilé ti ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé láéláé. "Ọwọ́ mi dùn mí. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé mò ń làágùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jẹ nínú iṣẹ́ mi. Tí ọ̀bẹ mi bá kú, ẹ wí fún mi pé ó kú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n wà lórí igi, ju kí ẹ máa tàn mí bí ọmọdé." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa irin Bùọ̀dá Ràṣídì jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n fẹ́ eruku orí rẹ̀. "Ó yá, ẹ kó ọ̀bẹ yín wá. Ọ̀bẹ tẹ́ ẹ̀ ń lò."

Wọ́n kó o wá. Látẹ̀yìn garawa, látẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá wa fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Bàbá ní kí n tẹ ìdí irin náà mọ́lẹ̀ fún wọn. Wọ́n há ọ̀bẹ Ìyá Ìjẹ̀ṣà sí i, wọ́n di òkúta mú. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, mo rí i láti ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń gbọ̀n bí ewé, ṣùgbọ́n irin ò jẹ́ kó yẹ̀. Ìgbọ̀n náà dé ibi irin, ó parí síbẹ̀. Ṣìì. Ṣìì. Ohùn náà tẹ́jú. Nínú ilé, mo gbọ́ tí Màmá jókòó wùù sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì bú sẹ́kún. Nígbà tí ọ̀bẹ jí, Bàbá yọ ọ́, wọ́n fi kan apá wọn, irun ọdún kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wò ó, wọn ò fẹ́ ẹ dànù. Gbogbo ọ̀bẹ ilé ni wọ́n pọ́n. Ọ̀bẹ Iléyá ni wọ́n fi kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí a kírun dé, gbogbo ilé pé sẹ́yìnkùlé. Bàbá gbé ọ̀bẹ náà jáde lábẹ́ agbádá, kí àgbò má bàa rí i, wọ́n sì na èèkù rẹ̀ sí Bùọ̀dá Ràṣídì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Bàbá, rárá o." Wọ́n ní, "Irin bá mi pọ́n ọn, kò lè bá mi dú ẹran. Gbà á." Ó kúnlẹ̀ gbà á. Bàbá di orí àgbò mú, wọ́n yí ojú rẹ̀ síbi tó yẹ, wọ́n jọ ń ka Bísímílà, ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Àgbò ò tiẹ̀ mọ̀. Ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ti gbé abọ́ wá fún ìpín tirẹ̀ ké láti ẹ̀yìn, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́: "Háà! Ọ̀bẹ yìí mà mú o, Bàbá Sìkírá!" Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ti ń sọ fún wọn láti ọjọ́ yìí náà ni, Sátidé lẹ́yìn Sátidé, àmọ́ tòní jẹ́ òótọ́. Bàbá tẹ orí wọn sórí irun àgbò tó ti kú náà, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí ẹkún wọn rí kó tó dìgbà yẹn, mi ò sì tún rí i mọ́.

Bàbá ò rí Iléyá kejì. Ọyẹ́ ló mú wọn lọ, pẹ̀lú ikọ́ tí kò fẹ́ lọ. Bùọ̀dá Ràṣídì wà lára àwọn tó wẹ̀ wọ́n, ó sì sọ fún Màmá lẹ́yìn náà pé ibi apá òsì yẹn dán, kò sí irun kankan níbẹ̀. Màmá ní, "Ṣé o rí i dáadáa?" Ó ní, "Mo fọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá fi ń tu ara wọn nínú títí di ọjọ́ ikú tiwọn. Ọ̀bẹ ilé ò tíì kú nígbà yẹn. A ṣì ń gé iṣu, à ń gé àlùbọ́sà, ẹnu tí Bàbá ṣe sí wọn là ń jẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi òkúta kàn wọ́n. Àwọn ọ̀bẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa kú, Màmá wé e sínú aṣọ. Ní àárọ̀ kan, mo gbọ́ igbe Ìyá Ìjẹ̀ṣà lọ́dẹ̀dẹ̀, a sá jáde, a rò pé iná jó o. Ó dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣù iṣu lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. "Ó ti kú o! Ó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́! Bàbá Sìkírá ti lọ!" Gbogbo ilé sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí wọ́n ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Irin náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ta ilé tí oníkálukú sì kó lọ, mi ò mọ ibi tó wọlé sí. Bóyá ó ti padà sí Ládìpọ̀, kó lọ máa gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnì kan dúró.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ̀rọ̀," Rọ̀nkẹ́ ní. Mo wò ó. Ọmọ mi yìí, iṣẹ́ ló ń lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, oúnjẹ títà ló ń rà jẹ, ilé ìdáná rẹ̀ ní Yábàá mọ́ ju yàrá àlejò lọ. Mo ní, "Rọ̀nkẹ́, ta ló ń gé nǹkan nílé ẹ tí ọ̀bẹ fi kú?" Mo rántí ẹ̀fọ́ tó ti ń gé wá fún mi láìpẹ́ yìí, tó ní aláta ọ̀nà ló bá òun gé e. Mo rántí àlùbọ́sà tó wà nínú ọ̀rá, tí wọ́n ti rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo rántí bó ṣe ń yin ọbẹ̀ mi. Mo ní, "Ìgbà wo lo ti rí ọwọ́ mi?" Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ó ti pẹ́, Mọ́mì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́." Mo yọ ọwọ́ náà lábẹ́ ìró, mo gbé e ka orí tábìlì, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n níwájú àwa méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ tẹ ẹ̀kẹta nínú fóònù, ìka mi kọ́kọ́ bọ́ sórí èyí tó ní ihò. Rọ̀nkẹ́ di ọrùn ọwọ́ mi mú, jẹ́jẹ́, ìka mi sì balẹ̀ síbi tí mo fẹ́.

"Èyí ni kó o rà fún mi," mo ní. "Fún èmi o, kì í ṣe fún ìwọ. Má sì gé àlùbọ́sà wá fún mi mọ́. Tí ọbẹ̀ mi ò bá dáa, wí fún mi pé kò dáa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wo abọ́ tó ti jẹ mọ́ féfé, ó wò mí, ó fa imú.

"Mọ́mì," ó ní, "iyọ̀ ọbẹ̀ òní ti pọ̀ jù."